Màmá Àgbà Kì Í Ra Òwú Lábẹ́ Iná

Kò sí ọmọkùnrin kan ní gbogbo Ìjerò tó yára tó mi. Ẹ lọ béèrè. Bí mo bá fi ọ̀kadà gbé èèyàn láti Ìjerò lọ sí Ìpótì, á bẹ̀rẹ̀ àdúrà lójú ọ̀nà, a ó sì ti dé kó tó ṣe àmín. Bó bá sì jẹ́ ká so iná sóólà mọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin ni, kí oòrùn tó kan àtàrí mo ti parí, mo ti fọwọ́, mo ti jẹun. Òótọ́ ni pé mi ò parí ilé-ìwé. Kíláàsì karùn-ún ni mo já a sí, torí pé àwọn tíṣà ń fa ọ̀rọ̀ gùn jù. Ohun tí wọ́n máa fi ọ̀sẹ̀ kan sọ, mo ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ Ajé.

Èmi yìí kan náà ni mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù òwú kan ní Ìpótì láti àárọ̀, tí mò ń dúró de oòrùn.

Òjò ti ń fọ́n wìnnìwìnnì láti ìdájí, ojú ọ̀run ṣú bí ìdí ìkòkò. Ìyá Olówùú, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, ti tan gílóòbù fún mi, ó ní kí n wọlé wá mú òwú tí mo fẹ́ kí n máa lọ. Mo ní rárá. Ó ní ṣé ojú ń dùn mí ni. Mo ní ojú ò dùn mí, oòrùn ni mò ń retí. Ó wò mí títí, ó mi orí, ó ní, "Ọmọ-ọmọ ìyá yẹn ni ọ́ lóòótọ́."

Ìyá tó ń wí yẹn ni Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí a sin lóṣù tó kọjá. Àwọn ará ilé ní kí n kọ nǹkan nípa wọn tí a máa tẹ̀ sínú ìwé ìrántí, torí pé èmi ni mo bá wọn gbé jù. Mo ti ń sá fún un. Ṣùgbọ́n lónìí tí oòrùn ti so mí mọ́ bẹ́ǹṣì, mo ti yọ fóònù, mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má retí ọjọ́ tí wọ́n bí wọn àti ilé-ìwé tí wọ́n lọ o. Wọn ò lọ ilé-ìwé kankan, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi wá síbí. Ahunṣọ ni Màmá. Kíjìpá ni wọ́n ń hun, lórí òfì tó dúró ti ògiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abala mẹ́ta ni wọ́n máa ń hun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á wá rán an pọ̀ di aṣọ kan. Èyí tí wọ́n ń hun lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ, méjì ti parí, òwú pupa tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àìsàn sì dá wọn dúbúlẹ̀. Obìnrin kan ní Erio ló ni ín. Ọmọbìnrin rẹ̀ máa gbé e lọ ilé ọkọ, ọ̀sẹ̀ méjì ló sì kù. Àǹtí Bùnmi, àbúrò bàbá mi, mọ iṣẹ́ náà, òun ló máa hun abala tó kù. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fọwọ́ kan òfì àfi bí èmi bá lọ ra òwú pupa náà wá. Èmi, nínú gbogbo èèyàn. Tí ẹ bá kà á débì kan, ẹ ó mọ ìdí tí ẹnu fi yà mí.

Màmá kì í gba ohunkóhun gbọ́ nínú ilé. Wọ́n á ní kí o gbé e síta ná. Ẹja tí wọ́n rà lọ́jà, ìta. Oògùn tí nọ́ọ̀sì fún wọn, ìta. Ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ ṣà, ìta, bí oòrùn bá tilẹ̀ ń jó wọn lẹ́yìn ọrùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá ní ara mi ń gbóná kí n má baà bá wọn lọ sóko, wọn ò ní bá mi jiyàn. Wọ́n á fà mí lọ́wọ́ dé àárín àgbàlá, wọ́n á fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n á wò ó dáadáa, wọ́n á ní, "Lọ mú àdá rẹ."

Èèyàn gan-an kò yọ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ Àǹtí Bùnmi kọ́kọ́ wá fojú hàn, ìrọ̀lẹ́ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, pẹ̀lú agbádá tó le kankan àti tọ́ọ̀ṣì ńlá. Bàbá mi ló máa ń sọ ìtàn yìí, kì í lè sọ ọ́ tán kó má rẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá fún wọn lóúnjẹ, wọ́n fún wọn lómi, wọ́n bá wọn ṣeré, wọ́n wá ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá lọ́sàn-án ọ̀la. Ojú ti bàbá mi débi pé ó sin àwọn àlejò dé òpin àdúgbò, ó ń bẹ̀ wọ́n. Ọkùnrin náà padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì lóòótọ́, láìsí agbádá, pẹ̀lú òógùn lójú. Màmá dá a dúró lábẹ́ oòrùn, wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Bó o ṣe rí lánàá náà lo rí. Wá jókòó."

Ohun kan wà tí wọ́n ń dì sí etí ìró wọn, tí wọn kì í tú àfi tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀. Dígí ni, dígí onígun mẹ́ta tó gùn bí ìka àárín, ẹnu rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Láyé àtijọ́, àtùpà ńlá kan ló ń rọ̀ láàrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, irú dígí yẹn ló sì yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Nígbà tí wọ́n fa iná mànàmáná wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tú àtùpà náà, wọ́n kó dígí rẹ̀ sínú agbọ̀n láti lọ dà á nù. Màmá jẹ́ ìyàwó kékeré nígbà náà, àwọn ni wọ́n ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tọrọ ẹyọ kan. Èyí tó ṣẹ́ ni wọ́n fún wọn.

Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí. Ihò kan wà lára fèrèsé onípákó ilé ìdáná. Bí oòrùn bá ti yí síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gbà á wọlé, á dà bí ọ̀pá funfun. Màmá ki dígí náà bọ ojú ọ̀nà rẹ̀, àwọ̀ sì tú jáde sórí ògiri bí ìgbà tí èèyàn tú ẹrù aṣọ. Wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: osùn, epo, ìyeyè, ewé, òféefèé bí ojú ọ̀run, aró, àlùkò. Ọ̀kan ń yọ́ wọ inú èkejì, o ò lè sọ pé ibí ni osùn parí sí, ibí ni epo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo ti rí i, mo fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní mi ò tíì rí nǹkan kan.

Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n tan àtùpà, wọ́n ní kí n gbé dígí sójú kí n wo iná rẹ̀. Àtùpà nìkan o. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e sójú wo oòrùn láé, wọ́n ní ẹni tó bá wo oòrùn lójú kò ní rí nǹkan mìíràn wò mọ́. Mo wo àtùpà. Osùn pọ̀ níbẹ̀, epo pọ̀, ìyeyè ń tàn yòò, ewé kò tó nǹkan. Aró ńkọ́? Ó fara pa mọ́ sí ìpẹ̀kun bí ẹni tó ń sá fún àna. Mo ní Màmá, dígí yìí ti bàjẹ́.

Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ ara wọn fún mi. Ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, iwájú àtùpà ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń to òwú sórí òfì, torí pé wọ́n fẹ́ kí ìyá ọkọ wọn yìn wọ́n pé ọwọ́ wọn yá. Òwú dúdú ni wọ́n rò pé àwọn ń mú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlà dúdú wà, ìlà aró wà láàrin rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dàrú. Lójú àtùpà, aró àti dúdú, ọ̀kan náà ni. Àwọn ìyàwó ilé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo bi wọ́n bóyá ìdí tí wọ́n fi kórìíra àtùpà nìyẹn. Wọ́n ní, "N ò kórìíra rẹ̀. Kò ní aró nínú, níbo ni á ti rí i fún mi?"

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n ṣá. Màmá lè bá ògiri jà. Ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì so iná gbọọrọ funfun kiri òkè àjà, gbogbo ìjọ ń yọ̀, Màmá nìkan ló fajú ro. Wọ́n ní ojú àwọn obìnrin rí bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Lẹ́yìn ìsìn, níṣojú àwọn àgbà ìjọ, wọ́n tú etí ìró, wọ́n yọ dígí, wọ́n sì gbé e sójú wo òkè. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì gbà á wò lẹ́yìn wọn. Àwọ̀ inú iná yẹn kò yọ́ wọ ara wọn. Wọ́n dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìlà ara aṣọ: ìlà aró, ìlà ewé, ìlà pupa, òkùnkùn sì wà láàrin wọn.

Màmá kọjú sí alága ìgbìmọ̀, wọ́n ní, "Eyín uná yín ti ká." Bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn, uná, bíi ti àwọn àgbà ìlú wa. Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá, a ò wá hun aṣọ níbí, Ọlọ́run la wá yìn. Màmá ní, "Aṣọ tí mo hun ni mo wọ̀ wá yìn Ín. Ẹ jẹ́ kó rí i bó ṣe rí." Láti ọjọ́ náà, ìdí fèrèsé ìlà-oòrùn ni wọ́n ń jókòó sí títí wọ́n fi kú. Bí òjò bá ń fọ́n wọlé, wọ́n á bo gèlè, wọn ò ní sún.

Ó dáa. Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ kan po láti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi.

Ọdún méjì sẹ́yìn, obìnrin ará Erio yìí kan náà bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ kíjìpá fún àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Òwú pupa tán lẹ́yìn abala kejì. Màmá já òwú kékeré kan fún mi láti fi ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n ní kí n lọ sí Ìpótì, kí n wò ó lóòrùn kí n tó gbà á. Mo gbé èrò lọ, mo gbé èrò bọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo tó dé ṣọ́ọ̀bù. Gílóòbù sóólà wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo so ó, ó ń tàn bí ọ̀sán. Mo fi àpẹẹrẹ ti òwú tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bá a mu rẹ́gí, mo lè búra. Mo rà á, mo sáré dé ilé. Màmá bi mí pé, "Ṣé o wò ó lóòrùn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Kò gbà mí ní àkókò rárá. Mo ti sọ fún yín pé mo yára.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti so gílóòbù kan náà sókè òfì wọn, mo ti fi yangàn fún gbogbo àdúgbò pé ìyá àgbà mi lè hunṣọ bí ayé bá tilẹ̀ ṣókùnkùn. Ojú wọn ti ń rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó sábẹ́ iná mi, wọ́n ń fi apasà, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra, lu òwú mi, gbì, gbì, gbì, láti àárọ̀ dé àṣálẹ́. Wọn ò gbé òwú náà síta wò. Mo ti ní mo wò ó. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí Màmá gba nǹkan gbọ́ nínú ilé nìyẹn, ẹnu mi ló sì ti jáde.

Lọ́jọ́ tí oòrùn yọ, wọ́n kó abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta láti rán an pọ̀. Méjì jẹ́ osùn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rí bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára ògiri. Mo kó wọn wọlé sábẹ́ gílóòbù, wọ́n bára mu. Mo kó wọn jáde, wọ́n yapa. Mo wọlé, mo jáde, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹnu rẹ̀ la wà tí obìnrin ará Erio wọlé dé, ó wá gba aṣọ.

Ó rí i. Ó ní háà, Màmá, ẹ kì í ṣe báyìí, ọjọ́ ìgbéyàwó ti dé tán. Ó ní bóyá ọjọ́ ogbó ti dé, kí àwọn má máa yọ yín lẹ́nu mọ́. Mo dúró síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní í sọ. Màmá wò mí fìrí, wọ́n kọjú sí i, wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Àṣìṣe mi ni. Ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹsàn-án." Ìyá àgbà mi, tó bá alága ìgbìmọ̀ jà tí kò tọrọ gáfárà, ń bẹ ẹni tó kéré sí ọmọ tó bí.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo ń retí ìgbátí. Wọ́n tú etí ìró, wọ́n na dígí sí mi, wọ́n ní kí n wo gílóòbù mi. Mo gbé e sójú. Aró inú rẹ̀ le, ó ń ta sójú. Òféefèé fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ewé wà, ìyeyè wà. Nígbà tó wá dé ibi osùn, ó rẹ̀ wẹ̀sì, ó parẹ́ kó tó débi tí ti oòrùn ń dé lórí ògiri. Ibẹ̀ gan-an sì ni òwú méjèèjì ti yapa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, mo ní iná yìí ló tàn wá jẹ, Màmá, iná burúkú ni.

Wọ́n ní, "Má bú u. Uná rẹ kò purọ́, ohun tó ní ló fi hàn. Ìwọ lo purọ́, ọkọ mi."

Wọ́n ṣì pè mí ní ọkọ wọn. Mo sunkún, ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fà mí jókòó sídìí abala náà, a sì tú u. Òwú kan lẹ́yìn òmíràn, odindi ọjọ́ mẹ́ta, èmi tí n kì í lè jókòó jẹun tán. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gun ẹ̀yìn ọ̀kadà mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, a jọ lọ sí Ìpótì lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbé òwú jáde sí títì, wọ́n mú èyí tó tọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá Olówùú ti mọ̀ wọ́n dénú. Nígbà tí à ń bọ̀, mo fẹ́ fi eré hàn wọ́n. Wọ́n di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn, wọ́n ní, "Rọra. Òwú náà kò ní sá."

Aṣọ náà pé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni. Ọjọ́ tí a sin wọ́n ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún Àǹtí Bùnmi. Nígbà tó wá ní èmi ni kí n lọ ra òwú, mo bi í pé ṣé ó ti gbàgbé ohun tí mo sọ ni. Ó ní, "Torí ẹ̀ náà ni. Ẹni tó bá ti tú u rí kò ní fẹ́ tú u mọ́."

Mo dúpẹ́ pé èmi ni mo bá Màmá gbé. Bí mo bá so gílóòbù fún aláṣọ báyìí, mo máa ń sọ fún un pé kó máa jẹ́ kí oníbàárà gbé aṣọ síta wò. Àwọn kan ń bínú, wọ́n ní mò ń bú ọjà ara mi. N ò bú u. Mo kàn ń sọ ohun tó ní àti ohun tí kò ní. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé yìí, ìyẹn nìkan ni mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ́.

Ní ọjọ́ tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ, wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé. Wọ́n ní kí n bá wọn tú etí ìró, ọwọ́ wọn ò lágbára mọ́. Wọ́n fi dígí náà sí mi lọ́wọ́, wọ́n pa ìka mi dé lé e lórí. Mo ń retí ìwúre. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó já bọ́ nígbà tó o bá ń sáré."

Kò tíì já bọ́. Òun ló wà nítòsí itan mi yìí lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú òwú kékeré tí Àǹtí Bùnmi já lára abala kejì. Ìyá Olówùú ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wá ni, ó gbé kẹ̀kẹ́ òwú pupa méjì dání. Ó ní méjèèjì bá àpẹẹrẹ mi mu lábẹ́ gílóòbù rẹ̀, kí n mú ọ̀kan kí n jẹ́ kí òun rójú. Mo wò wọ́n. Wọ́n bára mu lóòótọ́. Mo ní kó gbé méjèèjì kalẹ̀ síbẹ̀, a ṣì wà.

Ó ní, "Ọmọ Ìjerò, bí oòrùn ò bá wá yọ lónìí ńkọ́?"

Mo ní mo máa wá lọ́la.

Ẹ dúró ná. Nǹkan bọ́ sórí ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó kéré, ó ń gbọ̀n. Osùn. Epo ti tẹ̀lé e. Aró ti dé. Mo ní láti lọ báyìí.